Àgádágodo Méjì Lára Ilẹ̀kùn Kan

Wosilat ò kí i kó tó sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ibẹ̀ ni Ayọ̀nitèmi ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣe.

"Epo ń jò nínú ilé onítáyà yín o. Ó ti ń kán sílẹ̀."

Ilé onítáyà yẹn, ilé onírin tí mọ́tò ń fà, ni ìjọ Onítẹ̀bọmi wọn fi ń lọ wàásù láti abúlé dé abúlé. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ò gbà á, ni wọ́n bá gbé e sí ọgbà pákó Alhaji Abdulganiyu, ọkọ Wosilat, lọ́nà Olúpọ̀nnà, wọ́n sì kó jẹnẹrétọ̀ méjì sínú rẹ̀. Díákónì Adédìpẹ̀ ló ní kí wọ́n ṣe é bí àpótí ọrẹ: àgádágodo méjì, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ènìyàn méjì, òun àti Ayọ̀nitèmi, kí ẹnì kan má lè dá a ṣí. "Ìfura loògùn àgbà," ló wí, lójú Alhaji. Àmọ́ àpótí ọrẹ kì í jo epo. Díákónì sì ti lọ síbi ìsìnkú ní Ilé-Ogbó, ó pa fóònù, kọ́kọ́rọ́ kan wà lápò rẹ̀.

Lórí ọ̀kadà, Ayọ̀nitèmi ń rò ó. Òun ló gbé jẹnẹrétọ̀ wọlé kẹ́yìn, kò sì rántí bóyá òun ti ẹnu epo pa.

Òórùn bẹntiróòlù ti gba gbogbo ọgbà nígbà tó dé. Epo ti ṣàn láàárín pákó gbígbẹ dé ẹnu ọ̀nà ìyá Alhaji, arúgbó tí kò lè dìde mọ́. Ayọ̀nitèmi ṣí àgádágodo tirẹ̀. Èkejì dúró gbọin.

Wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ ọgbà ní kí òun wá fi iná gé e.

"Jókòó síbẹ̀," ni Alhaji wí. "Ṣé o fẹ́ sin wá pọ̀ ni?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi òòlù fọ́ ọ," ni Ayọ̀nitèmi wí.

"Irin lu irin? Iná ló máa ta."

Alhaji wọ ṣọ́ọ̀bù, ó mú sukurudíráfà jáde. Kò ya ọ̀dọ̀ àgádágodo rárá. Ẹ̀gbẹ́ kejì ló lọ, níbi tí wọ́n ti fi sukúrù mẹ́fà so ilẹ̀kùn mọ́ ara ilé, ìta gbangba ni orí gbogbo sukúrù náà wà. Ó ń tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí ìkẹfà bọ́, ilẹ̀kùn ṣí láti ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ayọ̀nitèmi wọlé, ó ti ẹnu epo pa, Wosilat sì ń da yanrìn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìyá ọkọ rẹ̀.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé ó ń ṣí báyìí?"

"Ọjọ́ tí ẹ gbé e dé."

"Ẹ ò sì sọ fún wa."

"Ẹ̀ ń to àgádágodo, Díákónì yín ń wò mí. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹrù tí wọ́n bá fi síkàáwọ́ ẹni, àmánà ni. Oṣù mẹ́jọ rèé, n ò fọwọ́ kàn án."

Ojú ti Ayọ̀nitèmi débi pé kò lè gbé orí sókè.

Nírọ̀lẹ́, Díákónì dé pẹ̀lú aṣọ ìsìnkú lọ́rùn. Ó rí àgádágodo tirẹ̀ ní títì pa, ó rí ilẹ̀kùn ní ṣíṣí.

"Ta ló ní irú kọ́kọ́rọ́ mi?"

"Kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ sà," ni Ayọ̀nitèmi wí. Ó kúnlẹ̀ níwájú Alhaji, ó fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Díákónì wo sukúrù mẹ́fà tó wà nílẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì pẹ́ kó tó yọ kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ jáde fún Alhaji.