Màálù Tí Kò Wọ Òdòdó

Iṣẹ́ mi ni kí n máa pa ojú funfun rẹ́. Bí eruku bá bà lé fíìmù, tí wọ́n sì tẹ fọ́tò jáde, ibi tí eruku wà yóò ṣẹ́ funfun, bí ìgbà tí kòkòrò jẹ ibẹ̀. Èmi á jókòó ti fèrèsé ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò Mísítà Augustine ní Albany Park, ní Chicago, màá mú búrọ́ọ̀ṣì tínńrín, màá tẹ̀ ẹ́ bọ tàdáwà, màá sì máa kan àwọn ojú funfun náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi bá àwọ̀ ibi tó yí wọn ká dọ́gba. Iṣẹ́ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ni. Ó bá mi lára mu.

Ọmọ ilẹ̀ Switzerland ni Mísítà Augustine. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń ya fọ́tò òkè. Kì í ya ìgbéyàwó, kì í ya ìkómọ. Òkè tí yìnyín bò láti orí dé èjìká ló ń yà, àti àwọn èèyàn tó ń gbé lára rẹ̀: ọkùnrin tó ń fi dòjé gé koríko níbi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, obìnrin tó ń fún wàrà, màálù tó so agogo mọ́ ọrùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1986 yẹn ni wọ́n fẹ́ gbé àwọn àwòrán náà kọ́ sára ògiri nílé kan ní downtown, kí àwọn èèyàn wá máa wò wọ́n. Baba náà ò sì fẹ́ rí ojú funfun kan ṣoṣo lára wọn.

Nítorí bàbá mi ni mo ṣe fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ọmọ Ìgbẹ́tì ni wá, abẹ́ òkè gan-an ni ilé wa wà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹkún ni mo máa ń sun bí mo bá rí èrò ní ilé ìwé, ni Bàbá bá ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, òun á kọ́ mi nílé. Ìwé Yorùbá ní àárọ̀, kéwú ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ wá bá Àǹtí Sìmíátù, àbúrò rẹ̀, ní Chicago, ó fà mí lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbójú sókè wo òkè wa.

“Kàfáyàtù, wọ́n ní òkè kan wà lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tó máa ń wọ aṣọ funfun. Bí o bá rí fọ́tò rẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè bá tiwa dúró.”

Nítorí náà, ní oṣù karùn-ún, nígbà tí Mísítà Augustine yọ̀ǹda pé kí n tẹ ẹyọ kan fún bàbá mi, inú mi dùn débi pé mi ò lè dúpẹ́ délẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Ojú funfun kan wà létí sánmà, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo tún un tẹ̀. Ó tún kù díẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀bùn Bàbá ò gbọdọ̀ lábùkù.

Àǹtí máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé ìwòsàn ló ń bá ṣiṣẹ́. Tó bá dé, á bọ́ bàtà funfun rẹ̀, á wo fọ́tò tó wà lọ́wọ́ mi.

“Òkè tí iṣu ò lè hù lórí ẹ̀, kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe? Ice block lásán-làsàn!”

“Àǹtí, màálù wà níbẹ̀ o.”

“Inú freezer ni màálù yẹn wà, ọmọ yìí!”

Láti oṣù keje, yẹ̀yẹ́ yẹn dáwọ́ dúró. Mo rò pé iṣẹ́ ló pọ̀, torí double shift ló ń ṣe lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ Tuesday kan, ó ní ó wu òun kí a dín àkàrà. Odidi ike ẹ̀wà ńlá kan ni a bó tí a sì lọ̀. A pín in fún gbogbo ilé tó wà nínú building wa, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Korea tó wà lókè pátápátá. Mo bi í pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní, “Sàráà náà ni. Ṣé èèyàn ò lè ṣe sàráà mọ́ ni?” Èmi jẹ márùn-ún. Mo tilẹ̀ ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ, ẹnì kan ti ilé bọ̀, ó mú lẹ́tà àti fọ́tò wá. Mùstàfá, ẹ̀gbọ́n mi, ló kọ lẹ́tà náà. Ó ní ojú ń dun Bàbá, ìyẹn ni kò jẹ́ kó fúnra rẹ̀ kọ ọ́. Ó ní Bàbá lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò. Màmá ló jókòó sáàárín, etí rẹ̀ méjèèjì ṣófo. Ìyá mi tí kì í ponmi láìwọ yẹtí! Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní Mùstàfá ti kánjú fà á jáde. Mo gbé fọ́tò náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo fi kámẹ́rà tún un yà, mo tẹ̀ ẹ́ tóbi, mo wá fi ọ̀dà funfun kun yẹtí sí i létí, rìbìtì bí èyí tó máa ń wọ̀ nígbà Iléyá. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ọwọ́ ló kùn ún. Mo gbé e fún Àǹtí pé kó wò ó. Ó tẹjú mọ́ ọn títí.

“Ó rẹwà,” ló wí. Ó wọ bathroom lọ. Omi ṣàn níbẹ̀ pẹ́.

Alhaji Jìbírílù, ará Hazel Crest, ló fẹ́ lọ sílé ní Saturday kejì oṣù kẹwàá. Òun ni yóò bá mi mú fọ́tò méjèèjì lọ: yẹtí Màmá, òkè Bàbá.

Ní Thursday tó ṣáájú, mo wà lórí àwọn àwòrán tó kẹ́yìn. Màálù tó ń ti orí òkè bọ̀ ni. Mísítà Augustine ti ṣàlàyé fún mi pé orí òkè ni wọ́n ti ń jẹko ní gbogbo ìgbà ooru, pé bí òtútù bá ti ń bọ̀, wọn á fi òdòdó ṣe orí wọn lọ́ṣọ̀ọ́, wọn á so agogo ńlá mọ́ wọn lọ́rùn, wọn á sì dà wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá sílé, gbogbo abúlé á jáde wá pàdé wọn. Mo ti ṣe mẹ́ta. Nínú ẹ̀kẹrin, ọ̀nà kan náà ni, ọkùnrin kan sì ṣáájú, ṣùgbọ́n orí màálù kọ̀ọ̀kan ṣófo. Kò sí òdòdó, kò sí agogo.

“Sà,” mo ní, “ṣé kí n bá yín kun òdòdó sí wọn lórí? Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo kun yẹtí sí etí ìyá mi.”

N kò tíì bá a sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Baba náà yọ ọwọ́ nínú omi tó fi ń fọ fọ́tò.

“Má fọwọ́ kàn án, Kàfí.”

Ó nu ọwọ́, ó jókòó tì mí. Ó ní bàbá òun nìyẹn níwájú. Ó ní lọ́dún yẹn, ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin yọ̀ lórí òkè, ó ṣubú, ó kú.

“Bí ẹnì kan nínú ilé bá kú lórí òkè,” ó ní, “màálù ilé náà kì í wọ òdòdó sọ̀kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sáré ṣáájú lọ sọ ọ́. Àwọn obìnrin á dúró nísàlẹ̀, wọn á máa retí ìró agogo. Orí màálù ni ìyá mi kọ́kọ́ rí, kó tó rí ojú wa. Kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun fún un. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, kámẹ́rà wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe.”

Mo ń wo orí àwọn màálù náà. Etí ìyá mi ni mo ń rí.

Opó kì í wọ yẹtí. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, kò ní wọ góòlù, kò ní lé tìróò. Mo mọ̀ ọ́n. Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi, lórí ẹní, ní ìrọ̀lẹ́ kan báyìí. Lẹ́tà tí kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Ìlọrin tó lọ. Àkàrà.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Mísítà Augustine pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mo ti kọjá ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí Àǹtí wọlé, mo kúnlẹ̀ kí i, n kò sì dìde.

“Ṣé o ti jẹun?”

“Àǹtí, àkàrà ta ni a dín ní July?”

“Àkàrà wo?”

“Èyí tí a pín dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Korea.”

Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣìnì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

“Wọ́n ní kí n má sọ. Wọ́n ní a kì í sọ ọ́ fún ẹni tó wà ní ìdálẹ̀, pé ó dìgbà tí o bá délé. Kàfáyàtù, ẹ̀gbọ́n mi ni! Èmi náà ò ráyè sunkún. Inú mọ́tò, ní parking lot, ni mo ti ń sun ún.”

“Mo jẹ márùn-ún, Àǹtí.”

“Mo rí ẹ.”

“Mo ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀.”

Ó fà mí mọ́ra. Mo bi í léèrè èyí tó kù.

“Ṣé ó béèrè fọ́tò òkè náà?”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀. Mo tún un bi.

“Mùstàfá ní ìparí oṣù kẹfà, nígbà tí ara rẹ̀ ti wó, ó bi wọ́n léèrè bóyá òkè aláṣọ funfun yẹn ti dé.”

Ó ti wà nílẹ̀ láti oṣù karùn-ún. Èyí tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, pẹ̀lú ojú funfun kan létí sánmà, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Bàbá mi kì bá tilẹ̀ rí ojú funfun náà.

Lọ́jọ́ Friday mo fi òwú tútù nu etí Màmá. Ọ̀dà náà ṣí wẹ́rẹ́. Mo bẹ Mísítà Augustine pé kó fún mi ní àwòrán ẹ̀kẹrin yẹn. Ó tẹ̀ ẹ́ fún mi fúnra rẹ̀. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé:

“Màmá, ní ìlú tó wà nínú fọ́tò yìí, bí ẹnì kan bá kú nínú ilé, màálù wọn kì í wọ òdòdó. Mo ti rí etí yín.”

Alhaji Jìbírílù wá ní Saturday, mo sì gbé àpò ìwé tí fọ́tò Màmá àti ti àwọn màálù wà nínú rẹ̀ fún un. Ó kó ẹ̀rín sẹ́nu, ó ní, “Ṣé kí n bá ẹ kí Bàbá gan-an?”

“Ẹ bá mi kí Màmá, sà.”

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó gba àpò náà, ó rọra tì í bọ inú ẹrù rẹ̀, láàárín àwọn aṣọ, níbi tí kò ti lè ká.