Àmì Mẹ́ta Lẹ́sẹ̀ Òpó

Ọ̀gá Ayédèrú ni gbogbo èèyàn ń pe ọkùnrin náà, kò sì bínú sí i rí, torí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Òun ló máa ń kun sìmẹ́ńtì lásán lọ́dà títí á fi dà bí òkúta mábù, tí àlejò á fọwọ́ pa á, tí á ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí mà lówó o!" Ìyẹ́ adìyẹ ló fi ń fa iṣan mábù náà, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n.

Àmọ́ lọ́dún yìí, ara ń fu ọ̀gá yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní ọ̀dà funfun tí wọ́n ń tà fún òun ti gbó, ó ti pupa, ló fi máa ń kán búlúù díẹ̀ sí i kí ó tó lò ó. Ó ní ìyàwó òun ò fọṣọ dáadáa mọ́, pé gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì funfun òun ló ti di pupa rúsúrúsú. Obìnrin yẹn ti pààrọ̀ ọṣẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ti sunkún lẹ́ẹ̀kan.

Òpó mẹ́rin nínú pálọ̀ ìyá arúgbó kan ni iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ní mábù funfun lòun fẹ́, tí iṣan rẹ̀ á dúdú díẹ̀. Bó bá dáa, àwọn ọmọ ìyá tó ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì á gbé tiwọn náà fún un, iṣẹ́ ọdún méjì gbáko. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ni wọ́n jọ ń ṣe é.

Lọ́jọ́ kẹta, ó rí i pé òpó tóun parí lánàá kò rí bóun ṣe fi í sílẹ̀. Iṣan tóun fà sọ́tùn-ún ti yà sósì! Ó bi àbúrò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti rẹ̀ yín ni," ni ìyẹn wí, kò sì wojú rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó bá àbúrò rẹ̀ àti ìyá onílé níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí wọ́n ṣe rí i, wọ́n panu mọ́. Ó ti yé e wàyí. Àbúrò òun fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ọmọ ìyá òun! Inú rẹ̀ bà jẹ́ débi pé kò lè jẹun ọ̀sán.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó fi ìyẹ́ ya àmì mẹ́ta kéékèèké sẹ́sẹ̀ òpó kẹta, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní wò. Ó ní òun ń lọ ra kànrìnkàn. Irọ́ ni. Ó kàn yí ilé náà po, ó sì gba ilé ìdáná wọlé padà.

Háà! Àbúrò rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń kun ọ̀dà bo àmì náà. Ìyá onílé jókòó tì í, ó bá a di abọ́ ọ̀dà mú.

"Ọ̀dàlẹ̀!" ni ọ̀gá pariwo. "Iṣẹ́ tí mo fi kọ́ ẹ náà lo fẹ́ fi lé mi lọ?"

Àbúrò rẹ̀ dìde. Ó gbé abọ́ ọ̀dà ọwọ́ ìyá sílẹ̀, ó gbé èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pò láàárọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wá tẹ́ aṣọ ìnujú rẹ̀ sáàárín wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, èwo ló funfun níbẹ̀?"

"Tèmi ni, kí tún ni? Tìrẹ ti pupa. Aṣọ ìnujú ẹ gan-an dọ̀tí."

Omijé bọ́ lójú àbúrò rẹ̀. "Búlúù ni tiyín, ẹ̀gbọ́n mi. Láti òpó kìíní ló ti rí bẹ́ẹ̀. Mo ń tún un kùn lẹ́yìn yín kí wọ́n má baà lé wa. Ìgbà tó yá ni ìyá ká mi mọ́ ọn."

"Èmi ni mo ní kó máa ṣe é lọ," ni ìyá wí jẹ́jẹ́, "títí a ó fi mọ bá a ṣe máa sọ fún yín. Ojú yín ni. Ó ṣe èmi náà rí, tí gbogbo ohun funfun ń pupa lójú mi, kí dókítà tó bá mi yọ ohun tó bò ó."

Ọ̀gá fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde. Ó wo òpó, ó wo aṣọ ìnujú, ó wá wo apá ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn ara rẹ̀.

"Ṣẹ́ẹ̀tì mi yìí ńkọ́?"

"Ó funfun báláú, ẹ̀gbọ́n mi. Ó mọ́ tónítóní."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò rántí òtẹ́ẹ̀lì kankan mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń rí, bó ṣe tẹ̀ sórí bàsíà lánàá, tó ń tún ṣẹ́ẹ̀tì yìí kan náà fọ̀ nígbà kẹta.

Ó na ìyẹ́ náà sí àbúrò rẹ̀. "Gbà, máa bá a lọ. Mo ń lọ sílé. Mo ní ẹnì kan tí mo fẹ́ lọ bẹ̀."