Ilẹ̀kùn Tí Ò Lọ́wọ́ Nínú

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Bàbá Alágádágodo fúnra rẹ̀ ló so ilẹ̀kùn yàrá àdádó yẹn kọ́ nígbà tí apá rẹ̀ ṣì le. Àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn ní kó fi ọwọ́ ìṣílẹ̀kùn síta nìkan, kó má fi sínú, nítorí ẹni tí àrùn rẹ̀ lè ran ẹlòmíì kò gbọdọ̀ máa rìn kiri. Bàbá ṣe é dán-ín dán-ín, ó gba ilé lọ. Kò mọ̀ pé òun ni ilẹ̀kùn náà máa há mọ́.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí, egbò náà kọ̀, kò jinná, wọ́n wá rí kòkòrò kan nínú rẹ̀ tí oògùn ò ràn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wọlé tọ̀ ọ́ á ti fi ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú di ara, á sì jáde bí ẹni tí iná ń lé. Ihò kékeré kan lára ilẹ̀kùn ni wọ́n ń ti oúnjẹ rẹ̀ gbà. Àgbàlagbà tó ti ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo àdúgbò! Inú ń bí i.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sin irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ nínú abọ́ láti mọ oògùn tó máa pa á. Oyún inú rẹ̀ ti gbó, wọn ò jẹ́ kó wọlé. Ẹ̀yìn gíláàsì ló ń dúró, tí òun àti bàbá á máa fi fóònù sọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó dé, ojú rẹ̀ ti wú.

"Bàbá, gbogbo oògùn tí a dán wò ni kòkòrò yìí yọ ṣùtì sí."

"Kí ló gbójú lé?"

"Ẹ̀wù òde rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ bakitéríà míì ò ní in. Ọ̀rá ni ẹ̀wù náà, oògùn ò lè gbabẹ̀ kọjá. Ihò tín-ín-rín ló wà lára rẹ̀ tí oúnjẹ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni oògùn máa ń yọ́ gbà. Tiyín ti dí èyí tó pọ̀ jù nínú ihò rẹ̀."

"Kí ló dé tí ò dí gbogbo rẹ̀?"

"Ebi á pa á kú."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá ni. Bí ògiri ò bá ṣáà lanu, aláǹgbá ò lè wọ ọ́. Kí ló wá kù?"

"Oògùn kan tí kì í wá ihò. Ẹ̀wù yẹn gan-an ló máa ń fà ya. Ṣùgbọ́n ó lè ba kíndìnrín jẹ́, tiyín ò sì lágbára. Àjákù ẹ̀wù náà tún lè gbé ibà ńlá dìde nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa gbà kí wọ́n fún yín, Bàbá."

"Mi ò gbà. Ilé ni mò ń lọ. Bí mo bá máa kú, kí n gbé ọmọ inú ẹ lọ́wọ́ ná."

Ó gbé fóònù kalẹ̀. Olórí kunkun! Ọmọ rẹ̀ fi ẹkún lọ.

Bàbá kọjú sí ilẹ̀kùn. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe kan ilẹ̀kùn tó lè di sàréè fún èèyàn. Nítorí náà, ilẹ̀kùn yòówù kí bàbá kàn, ó máa ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kọ́kọ́rọ́, lápá inú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé ìwòsàn. Ó mú ṣíbí tó fi jẹun, ó ki ìdí rẹ̀ bọ ibẹ̀, ó gbé irin náà sókè. Ilẹ̀kùn ṣí.

Inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé. Ó di irin ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ, omi egbò ń rin aṣọ rẹ̀. Bó ṣe yí kọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ ló ń padà bọ̀ wá bẹ̀ ẹ́. Bàbá na ọwọ́ sí i.

"Màmá mi, mo ti jáde!"

Ọmọ náà ta sẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn, ó lẹ̀ mọ́ ògiri. "Ẹ má sún mọ́ mi! Bàbá, ẹ dákun, ẹ má fọwọ́ kàn mí!"

Ara bàbá bù máṣọ. Ọmọ tó gbé sórí èjìká rẹ̀ dàgbà ló ń sá fún un yìí. Ó wo ọwọ́ tó nà, ó wo irin tó ti dì mú bọ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn, irin tí gbogbo aláìsàn ń dì mú. Ojú tì í, ó sì dùn ún wọra. Ó rọra sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

"Ní kí wọ́n fọ irin yìí," ó ní. "Kí wọ́n sì wá oníkọ́kọ́rọ́ tó máa tún ilẹ̀kùn yẹn ṣe. Èèyàn lè ti inú ṣí i."

Ó padà wọlé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ilẹ̀kùn dé, ó ju ṣíbí sínú garawa ìdọ̀tí. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé ẹ̀yìn gíláàsì, bàbá gbé fóònù. "Ẹ gbé oògùn yín wá."

Kí oòrùn tó wọ̀, oògùn ti ń kán sínú iṣan rẹ̀. Kò pẹ́ tí òtútù fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kíndìnrín rẹ̀ á lè gbà á. Ọmọ rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀. Ó gbé ikùn rẹ̀ ti gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, ògiri ti ń lanu."

Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó fi lé gíláàsì tútù náà, níbi tí ikùn wà gẹ́lẹ́.

"Jẹ́ kó lanu," ó ní. "Ilẹ̀kùn ni kí ẹ má tíì ṣí."