Kọ́bọ́ọ̀dù Irin Ọ̀gá

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti fura sí Ìyáàfin Oyèkẹ́, akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí mo fẹ́ ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ l'Ọ́wọ̀. Ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tí wọ́n jí bàtà rẹ̀ gbé. Ọ̀gá ti gbà mí, ó kù kí n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí n sì fi ojúlówó sáàtífíkéètì mi sílẹ̀. Ó ní bí gbogbo olùkọ́ ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọdún méjì ni mo ti ń wáṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti jáde ní Pólì. Iṣẹ́ yìí kò gbọ́dọ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

"Ìwé rẹ ò tíì jáde," màmá akọ̀wé yìí wí. "Íńkì ti tán. Padà wá lọ́la."

Mo padà lọ́jọ́ kejì. Ó ní íńkì ò tíì dé, bẹ́ẹ̀ níṣojú mi ló ń tẹ ìbéèrè ìdánwò jáde! Ó wá kọjú sí Ignatius tó ń ṣọ́ géètì, wọ́n ń sọ èdè Ọ̀wọ̀ wàràwàrà. Ọmọ Ìkìrun ni mí, orúkọ mi, Tèmidire, nìkan ni mo gbọ́ níbẹ̀. Ara mi gbóná. Ó dájú pé ẹbí rẹ̀ kan ló fẹ́ fi sípò mi.

Bí mo ṣe ń lọ, màmá tẹ̀ lé mi. "Tó o bá gba ìwé yẹn, ẹ̀tọ́ rẹ ni kó o gbé e lọ sílé kà kó o tó fọwọ́ sí i. Fọ́tòkọ́pì sáàtífíkéètì ni kó o sì mú wá."

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Ó fẹ́ kí ọ̀gá rò pé mi ò ní ojúlówó ni.

Lọ́jọ́ kẹta, mi ò kí i. Mo wọlé tọ Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé, ọ̀gá wọn, mo fẹjọ́ màmá sùn ún. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó tẹ ìwé náà jáde fúnra rẹ̀, ojú ewé mẹ́fà. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, kò sí nǹkan tuntun níbẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Ó fi sáàtífíkéètì mi sínú kọ́bọ́ọ̀dù irin, ó tì í, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Ó wá pe màmá, ó bú u níṣojú mi. Mi ò ní parọ́, inú mi dùn.

Níta, màmá fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tèmi, ó nà án sí mi. "Ka ojú ewé kẹrin."

Mo kà á lórí ìdúró. Mi ò gbọ́dọ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ọ̀gá lè fi kún un nígbà tó bá wù ú. Títí ọdún náà á fi pé, ọwọ́ rẹ̀ ni sáàtífíkéètì mi máa wà. Mo kọjú sí màmá.

"Mà, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ ọ́, ṣé o máa gbà mí gbọ́?" Ó gbé òǹtẹ̀ padà sáyè rẹ̀. "Ọdún kọkànlá rèé tí sáàtífíkéètì tèmi ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Lọ́jọ́ tí mo wá gbàṣẹ́, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé íńkì ti tán."