Ọmọ Ọlọ́mọyọyọ

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: kòkòrò inú odò ni mò ń kà jẹun. Bí ẹ bá rí obìnrin kan ní yunifásítì tiwa tó wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún, tó gbé àwọ̀n lọ́wọ́ kan, tó gbé àwo funfun lọ́wọ́ kejì, èmi Mojíre nìyẹn. Oṣooṣù ni mò ń lọ sí odò Ọlọ́mọyọyọ lẹ́yìn Ìlarè. Màá fi ẹsẹ̀ rú òkúta ìsàlẹ̀ omi, àwọ̀n á gba ohun tó bá bọ́, màá dà á sínú àwo, màá sì kà á: ìṣáwùrú mélòó, eṣúṣú mélòó, ọmọ lámilámi mélòó. Èyí tí ọ̀gá mi, Dókítà Kọ́lápọ̀, máa ń kọ́kọ́ béèrè ni àwọn pẹ́ńpẹ́ kan tó ní ìrù mẹ́ta. Onírù-mẹ́ta là ń pè wọ́n. Ara wọn kò gba ìdọ̀tí. Bí omi bá ti ń bàjẹ́, àwọn ló ń kọ́kọ́ kú.

Ní oṣù kẹrin, mo ń ka onírù-mẹ́ta sókè gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, "méjìdínlógójì, mọ́kàndínlógójì, ogójì," nígbà tí màmá arúgbó kan tó jókòó lórí òkúta ní òdìkejì omi kí mi.

"O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. O mà ka ọmọ púpọ̀."

"Ẹ ṣé, mà. Kòkòrò ni."

"Ogójì lo pè é, mo gbọ́. Ìwọ náà ńkọ́? Mélòó ni tìrẹ?"

Ọkàn mi wà lórí ìwé tí mò ń kọ iye sí. "Mẹ́ta, mà."

"Mẹ́ta," ló tún sọ, jẹ́jẹ́, bí akọ̀wé tó ń kọ orúkọ sílẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè láti dágbére, kò sẹ́ni lórí òkúta náà mọ́. Mo ní bóyá ó ti gba ọ̀nà oko lọ.

Ọ̀dọ̀ Màámi ní Ìlarè ni àwọn ọmọ mi máa ń wà tí mo bá lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà. Màámi kò rẹ́rìn-ín.

"O dá a lóhùn? O pe iye àwọn ọmọ rẹ létí omi?"

"Màámi, màmá arúgbó lásán ni."

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, Mojíre. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, 'Wọ́n pọ̀' là ń wí. Ṣé wọn ò kọ́ ọ nìyẹn ní yunifásítì?"

Olórí kunkun ni mí láti kékeré. Mo ní kò sí nǹkan kan ńbẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún, mo tún na àwọ̀n sínú odò. Onírù-mẹ́ta mẹ́ta péré ni mo rí. Mo dà wọ́n padà, mo sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, mo tún nà án: mẹ́ta. Mo lọ sábẹ́ afárá: mẹ́ta. Ìṣáwùrú pé bó ṣe yẹ, omi mọ́ gaara, kò sí epo, kò sí òórùn. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà, ńlá méjì ni, kékeré kan. Èmi náà, ọkùnrin méjì ni mo kọ́kọ́ bí, kí n tó bí Fàrídà, ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹ̀rù bà mí, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Gbogbo ẹyẹ tó ń ké ti dákẹ́.

Òfin iṣẹ́ wa ni pé ohun tí àwọ̀n bá mú kẹ́yìn, inú ìgò sípírítì tó ń pa á ló ń lọ, ká lè wò ó dáadáa lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Mo ṣí ìgò. Bí mo ṣe ṣí i, kékeré inú àwo náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Fóònù mi dún. Màámi ni.

"Mojíre, ara Fàrídà ń gbóná bí iná. Ó ń sọ̀rọ̀ kan tó ń bà mí lẹ́rù."

"Kí ló ń sọ?"

"Ó ní ẹnì kan ń kà wọ́n. Ó ní ó ti ka ẹ̀gbọ́n òun méjèèjì, ó ku òun."

Mo ju ìgò nù. Mo rọra tẹ àwo náà sínú omi. Àwọn ńlá méjì lúwẹ̀ẹ́ lọ, kékeré kò mira. Èmi tí mò ń fi Màámi ṣe ẹlẹ́yà, mo kúnlẹ̀ sínú odò.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Àwọn ọmọ yín pọ̀. Tèmi náà pọ̀. N kò ní kà wọ́n mọ́."

Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìrù kékeré náà mì, ó sì wọ abẹ́ òkúta lọ. Kí n tó sáré dé Ìlarè, Fàrídà ti jókòó, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Mo gbá a mọ́ra, mo sunkún bí ọmọdé.

Ní ọjọ́ kejì, Dókítà Kọ́lápọ̀ wo ìwé mi.

"Mojíre, kí ni 'wọ́n pọ̀'? Mélòó ni wọ́n?"

"Wọ́n pọ̀, sà."

"Ṣé ọjà lo lọ ni? Number ni mo fẹ́!"

Ó yẹ kí n sọ fún un. Ojú ló tì mí. Mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín tí yóò rín mi. Ó gbé àwọ̀n, ó lọ fúnra rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ló tó padà, ó gbé ìgò kan kalẹ̀ lórí tábìlì.

"Odò yẹn ń kú lọ. Onírù-mẹ́ta kan ṣoṣo ni mo rí." Ó ti wà nínú sípírítì, kò mira. "Ṣùgbọ́n màmá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó lọ́yàyà gan-an. Kí n tó na àwọ̀n pàápàá, ó ti ń béèrè iye ọmọ tí mo bí."

"Kí lẹ sọ, sà?"

"Òótọ́ ni mo sọ fún un. Ọ̀kan ṣoṣo."

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò rẹ̀.