Nọ́ńbà Tí Kò Lórúkọ

Nígbà tí fóònù mi béèrè bóyá kí òun ṣe àpdéètì, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni, mo sì padà sídìí ilẹ̀kùn tí mò ń fá. Láti ìgbà náà ni ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà mi ti pa lọ́lọ́. Àwọn oníbàárà tuntun kò pè mọ́. Ìyẹn ò dùn mí tó ti màmá wa. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún màmá, màmá sì ti ní àwọn á pè mí tí dókítà bá ti dá ọjọ́. Mo retí títí, wọn ò pè. Tí mo bá pe nọ́ńbà wọn, kì í lọ.

Ọ̀dọ̀ àbúrò mi tó jẹ́ télọ̀ ni màmá ń gbé, nítorí náà mo ti mọ ẹni tí màá bínú sí. Èmi àti ọmọkùnrin yìí kì í sọ̀rọ̀. Níbi ìdána kan, ó sọ lójú àwọn àna wa pé kí wọ́n má wulẹ̀ fún mi níwèé kà, pé àárín ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti sá. Kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín tán, mo ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú fóònù mi. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn: ẹni tó bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò ní bá a jà, mi ò ní bú u, orúkọ rẹ̀ ni yóò kúrò. Wọ́n ní kí n gbàgbé. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ìyàwó mi ní kí n tó lọ bá ọmọ ọlọ́mọ jà, kí n kọ́kọ́ gbé fóònù náà lọ sọ́dọ̀ obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dókítà Fóònù. Mo gbé e lọ, kì í ṣe torí ohun tó sọ, torí àwọn oníbàárà mi ni.

Obìnrin náà fi fóònù tirẹ̀ pè mí. Tirẹ̀ ń dún, tèmi dákẹ́ bí ẹni pé kì í ṣe òun là ń bá wí. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kò sóhun tó bàjẹ́. Àpdéètì yẹn ló kọ́ fóònù náà ní ìwà tuntun: nọ́ńbà tí mi ò bá fi orúkọ sí, kò ní jẹ́ kó dún, tí irú wọn bá sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, yóò kó o sápá kan.

"Bàbá kápẹ́ńtà," ó ní, "fóònù yín ti ń yan odì. Ta ló fi jọ?"

Mo ní kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣí ibi tó kó wọn sí. Àwọn oníbàárà mi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan ló pọ̀ jù, ó tò lọ bí èèrà. Mo mọ̀ ọ́n. Orúkọ ni mo pa rẹ́, nọ́ńbà kò kúrò lórí mi. Mo fúnra mi ka ọ̀rọ̀ tó dé gbẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n mi, fóònù màmá ti já sómi, tèmi ni wọ́n fi ń pè yín. Ọ̀la ni dókítà dá. Wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ojú àwọn bí ẹ ò bá sí níbẹ̀. Dókítà ní tí wọ́n bá tún kọ̀, ojú ọ̀tún máa fọ́. Ẹ jọ̀ọ́."

Ọ̀la tó wí, òní ni.

Dókítà Fóònù pa ìwà tuntun náà. Ó ní kò burú kí òun fi orúkọ sí nọ́ńbà yẹn, kí ni kí òun kọ? Mo ní kó kọ "Ilé Màmá".

Mo pè. Àbúrò mi gbé e, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n." Mo ní kó gbé fóònù fún màmá.

"Ìwọ ọmọ yìí," màmá ní, "ṣé ojú mi lo fẹ́ fi gbẹ̀san ni?"

Mo ní mo ti ń bọ̀.

"Má sọ ọ́ lẹ́nu. Wá, kí n rí ọ."

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, màmá àti àbúrò mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo jókòó ti màmá lápá kejì. Wọ́n fọwọ́ pa ọwọ́ mi, wọ́n ní eruku pákó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pè wọ́n, wọ́n dìde, wọn ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, wọ́n wọlé.

Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ wà láàárín èmi àti télọ̀. Kò sẹ́ni tó mira. Obìnrin kan tó gbọ́mọ dání dé, ó ní ká jọ̀ọ́ sún mọ́ra kí òun rí ibi jókòó. A sún mọ́ra. Mi ò tíì gbàgbé ohun tí télọ̀ sọ lójú àwọn àna o.

Àbúrò mi bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mi ò tíì jẹun.