Bàbá Tí Kò Sẹ́ni Tó Gbọdọ̀ Gbé Ṣánlẹ̀

Nínú gbogbo àwọn tó ń ṣe júdò ní Ilé-Ifẹ̀, ọkọ mi nìkan ni ẹnikẹ́ni ò tíì gbé ṣánlẹ̀ rí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ kiri, irọ́ kọ́ sì ni. Ohun tí kì í sọ ni pé kò sẹ́ni tó gbìyànjú ẹ̀ wò.

Fáṣínà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí ẹ̀ kán, kò sì fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn mọ́ títí tó fi kú. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Bí òjò bá ti rọ̀ sórí táìsì iwájú ilé wa, ọkàn mi kì í balẹ̀ títí Bàbá Ìmísí á fi wọlé. Ìgbà tí mo gbọ́ lórí rédíò pé nínú júdò, bí èèyàn ṣe ń ṣubú láìfarapa ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ni, àti pé arúgbó pàápàá lè máa ṣe é, mo fà á lọ sí gbọ̀ngàn tí Akóredé ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní júdò nítòsí Ẹnuwá. Mi ò mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ló máa ba nǹkan jẹ́ fún mi.

Ọkọ mi ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí nílùú yìí. Bó ṣe wọlé nínú aṣọ júdò funfun tí mo lọ̀ fún un, gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn ọmọbìnrin kúnlẹ̀. Akóredé tó jẹ́ kóòṣì náà dọ̀bálẹ̀, tòun ti bẹ́líìtì dúdú ẹ̀. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi kàn fọwọ́ kan ọmọkùnrin kan lọ́rùn aṣọ, ọmọ náà ti ṣubú. Èkejì ò tiẹ̀ dúró kí ọwọ́ dé ara òun.

"Ìyá Ìmísí," ló wí nígbà tí a délé, "ṣé o rí i pé agbára ṣì wà?"

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé àga onítìmùtìmù sí ẹ̀gbẹ́ ẹní fún un, tí wọ́n sì fi í jẹ Bàbá Ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́. Gbogbo ẹni tó bá pàdé ló ń ka àǹfààní júdò fún: ó ń mú orúnkún rọ̀, ó ń mú oorun wá, ó ń pa ìgbéraga. Ó fi bẹ́líìtì ẹ̀ di bùbá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ta ló ti gbé yín ṣánlẹ̀ níbẹ̀?" Mo bi í nídìí oúnjẹ.

"Ta ló tó bẹ́ẹ̀?"

"Báwo lẹ ṣe wá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú?"

"Ẹni tó ń borí gbogbo èèyàn, kí ló fẹ́ fi ìṣubú ṣe?"

Inú bí mi débi pé mo gbé ọbẹ̀ kúrò níwájú ẹ̀. Mo wá Akóredé lọ. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Mà, ẹ dákun, ta ló máa gbé Bàbá ṣánlẹ̀? Bàbá tó na bàbá mi ní kíláàsì? Bí màmá mi bá gbọ́, mo gbé!"

"Ṣé ẹ fẹ́ kó kú ni?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ mà! Ọ̀wọ̀ la ń bù fún wọn."

"Ó dáa. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù de ọjọ́ ìsìnkú ẹ̀."

Mo rí i pé ẹni tó bá ju ọkọ mi lọ lọ́jọ́ orí nìkan ló lè gbà mí. Mo bá kọrí sí Sábó, lọ́dọ̀ Àlájà Rùqáyyàh tí mo máa ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àlájà ti lé láàádọ́rin ọdún. Ìgbà tó wà lọ́mọge ló ti bẹ̀rẹ̀ júdò, ọmọ bíbí ò dá a dúró, opó ṣíṣe ò dá a dúró, ó sì ń bẹ́ sílẹ̀ láti orí àpò ẹ̀wà bí ọmọdé.

"Àlájà, ẹ bá mi gbé ọkọ mi ṣánlẹ̀."

"Kí ló fi ṣẹ̀ ọ́?"

"Kò ṣẹ̀ mí o. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ni."

Ó bi mí ní oríkì ọkọ mi, mo sọ fún un.

Nígbà tó wọ gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bẹ̀rù, Àlájà, màá rọra ṣe."

"Ọdún wo ni wọ́n bí ọ?" Àlájà bi í. Ó sọ ọ́. "Mo ti ń pọn àbúrò mi nígbà náà. Àlàní, ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa kí àgbà nìyẹn?"

Láti ìgbà tí bàbá ẹ̀ ti kú, mi ò rí i kí ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó dọ̀bálẹ̀. Bó ṣe dìde ni Àlájà gbá a lọ́rùn aṣọ mú, ó ní, "Bísímílláì," ẹsẹ̀ ọkọ mi sì kúrò nílẹ̀.

Àwọn ọmọ figbe ta, wọ́n ń sáré bọ̀ wá gbé e.

"Ẹ fi í sílẹ̀!" Àlájà jágbe mọ́ wọn. "Àlàní, gbé àgbọ̀n rẹ mọ́ àyà. Ọwọ́ ni kó o fi gbá ilẹ̀, kì í ṣe orí. Dìde."

Ó dìde, Àlájà tún gbé e ṣánlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní gbogbo Sátidé títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí. Nílé, ọkọ mi ń bá mi yan odì torí èmi ni mo bẹ Àlájà wá. Mi ò bẹ̀ ẹ́.

Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀ lórí táìsì wa. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i bó ṣe ń lọ sẹ́yìn, Fáṣínà nìkan ni mo sì rò. Ọwọ́ ẹ̀ gbá ilẹ̀ gbàà! Ó yí gbirigbiri, ó jókòó.

"Àgbọ̀n mọ́ àyà," ló wí, bí ẹni ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo jókòó tì í nínú omi, mo sì sunkún bí ẹni tí wọ́n nà. Ó fọwọ́ tútù ẹ̀ nu ojú mi, odì tá à ń bá ara wa yàn sì parí síbẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, òun fúnra ẹ̀ ló gbé àga onítìmùtìmù náà jù síta. Ó lọ dúró níwájú Akóredé.

"Gbé mi."

Akóredé dọ̀bálẹ̀.

"Ṣé o ti dọ̀bálẹ̀ tán? Ó yá, dìde, kó o gbé mi."

Ọmọ náà wo ojú mi. Mo ní kó gbé e. Ó gbé e lóòótọ́, ó sì gbé e dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ọkọ mi ṣe wà lókè, tí kò tíì kan ilẹ̀, Akóredé ti ń pariwo: "Ẹ má bínú, sà!"